Omi Ilé Dìrẹ́tọ̀ àti Àwọn Eku Funfun

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ọkùnrin yìí, ó yẹ kí n pe orúkọ rẹ̀ tán, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e kúrú. Ọ̀mọ̀wé Sylvain Ọlátúndùn ni, Dìrẹ́tọ̀ Àgbà Pátápátá fún Ilé Ìwádìí Omi àti Ẹranko ní Àjàṣẹ́, Baba Ìmọ́tótó, Ìmọ́lẹ̀ Etí Ọ̀sà. "Dìrẹ́tọ̀" nìkan ni ìjọba fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló fi "Àgbà" kún un. "Pátápátá" wá láti ẹnu Fiacre, ọ̀gá àwọn agbàlejò níbi iṣẹ́ náà, ní ọdún tí Fiacre ń wá ìgbéga. Ó sì rí ìgbéga náà gbà. Ní ti "Ìmọ́lẹ̀ Etí Ọ̀sà", kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá, àmọ́ wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ilé iṣẹ́ náà kò tóbi tó orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Burò kan wà níbẹ̀ tó tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí àwọn àlejò ń jókòó sí, àti yàrá méjì lẹ́yìnkùlé tí àwọn eku funfun ń gbé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi kan tàbí kẹ́míkà kan lè ba ara ènìyàn jẹ́, eku ni wọ́n á kọ́kọ́ fún mu. Laure ló ń tọ́jú àwọn eku náà. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni, a máa bá wọn jà lórí oúnjẹ bí ẹni pé òun ló bí wọn, ó sì máa ń pariwo mọ́ àwọn ènìyàn bó ti ń pariwo mọ́ eku.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ yin Dìrẹ́tọ̀ fún, kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún omi àlejò. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wọ ilé kan rí ní Àjàṣẹ́ mọ̀ ọ́n: bí àlejò bá jókòó, a kì í bi í pé kí ló bá wá. Omi la máa ń gbé fún un. Onílé á kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án, kí àlejò lè rí i pé kò sí ọwọ́ ibi kankan nínú rẹ̀. Àlejò náà á mu. Ẹ̀yìn ìyẹn ni onílé tó máa sọ pé, "Ẹ kú àbọ̀, kí lẹ bá wá?" Ẹni tí kò bá mu omi kò ní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ jẹ́ níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ìjà ló bá wá.

Ohun tí gbogbo ìyá àgbà ń ṣe láìsọ̀rọ̀ yìí, Dìrẹ́tọ̀ sọ ọ́ di ayẹyẹ ìjọba. Fiacre á wọ ìbọ̀wọ́ funfun, á gbé igbá fínfín jáde láti ẹ̀yìn aṣọ títa, á sì kéde pé, "Omi Dìrẹ́tọ̀ ti dé." Gbogbo ènìyàn á dìde. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ ìlú ni o. Láti inú kànga ẹ̀rọ tí Dìrẹ́tọ̀ gbẹ́ sí ilé ara rẹ̀ ní Ouando ni wọ́n ti ń gbé e wá láràárọ̀ nínú mọ́tò ìjọba. Ó gbà pé láti etí òkun títí dé odò Ọya, kò sí omi tó mọ́ tó o. Ó dára lóòótọ́. Èmi náà ti mu ún rí.

Ní ọjọ́ kan, Kouboura wọlé pẹ̀lú àwọn obìnrin díẹ̀ láti Ẹsẹ̀-Ọ̀sà. Ẹ má wá Ẹsẹ̀-Ọ̀sà lórí àwòrán ìlú, èmi ni mo fún àdúgbò náà lórúkọ yìí. Opó ni Kouboura, ẹja yíyan ló ń tà. Ó mu omi Dìrẹ́tọ̀, ó ní ó dùn, ó sì sọ ohun tó bá wá.

"Mùsíọ̀ Dìrẹ́tọ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ ọ̀dà sílẹ̀ lókè wa ni omi kànga wa ti yí padà. Òpó páìpù kan ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú kòtò tó ń ṣàn wá sọ́dọ̀ wa. Omi náà ń pọ́n nígbà míì, nígbà míì ó ń rùn bí òórùn gààsì. Ọmọ mi Mariatou ti lóyún lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì ló bàjẹ́. Ó ti tún lóyún báyìí. Ẹ bá wa wò ó, kẹ́ ẹ sọ fún wa bóyá omi yẹn ni."

Dìrẹ́tọ̀ kò gbójú sókè. Bàtà rẹ̀ ló ń wò, nítorí ó ń ronú nípa bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó dìde dúró.

"Ẹ̀yin olùgbé etí omi," ni ó wí, "ẹkún yín ti gun òkè, ó ti dé ibi tí ìmọ̀ ń gbé. Orílẹ̀-èdè kò gbàgbé yín. Orílẹ̀-èdè yóò mú omi yín, yóò fi í lé àwọn eku lọ́wọ́, àwọn eku yóò sì fèsì. Nígbà tí àwọn eku bá fèsì, èmi yóò gbọ́. Nígbà tí mo bá gbọ́, ẹ̀yin náà yóò gbọ́."

Fiacre pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn, wọ́n bá a pàtẹ́wọ́ díẹ̀.

"A dúpẹ́," ni Kouboura wí. "Kí wá ni kí ọmọ mi máa mu títí àwọn eku á fi fèsì?"

"Kí ó ní sùúrù," ni Dìrẹ́tọ̀ dáhùn, ó sì jókòó.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fún àwọn eku yàrá kìíní ní omi kànga Ẹsẹ̀-Ọ̀sà. Ó yẹ kí àwọn ti yàrá kejì máa mu omi tó mọ́, kí wọ́n lè fi àwọn méjèèjì wéra. Nígbà tí Laure béèrè omi tó mọ́, Dìrẹ́tọ̀ bínú díẹ̀ pé ó tiẹ̀ ń béèrè. Omi wo ló tún mọ́ ju tirẹ̀ lọ? Báyìí ni wọ́n ṣe kan pátákó méjì tí wọ́n fi ọ̀dà góòlù kọ mọ́ ẹnu ọ̀nà: OMI KÀNGA ẸSẸ̀-Ọ̀SÀ ní yàrá kìíní, OMI ILÉ DÌRẸ́TỌ̀ ní yàrá kejì. Pátákó ti Dìrẹ́tọ̀ tóbi ju ìkejì lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn eku fi fèsì. Àwọn ti yàrá kejì sanra, wọ́n ń bí ọmọ, wọ́n ń jà nítorí àgbàdo. Irun àwọn ti yàrá kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í re. Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, wọn kò lè di igi àgò mú mọ́. Nígbà tí Laure la èyí tó kú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wú ju bó ti yẹ lọ. Àwọn abo tó lóyún nínú wọn bímọ, àwọn ọmọ náà kò mí. Laure kó àwọn ọmọ eku náà sórí aṣọ kan, ó dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́.

Ó yẹ kí ìtàn mi parí síbí. Èsì ti jáde, ọ̀gá ti gbọ́, kí wọ́n dí òpó náà kí Mariatou lè bímọ rẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ rò bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni alága ilé iṣẹ́ ọ̀dà wá kí Dìrẹ́tọ̀. Ó mu omi, ó yìn ín títí igbá fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ iṣẹ́ tó bá wá: àwọn fẹ́ ṣe òpó kejì, tó tóbi ju ti àkọ́kọ́, ìjọba sì ní kí ilé ìwádìí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò fi owó lọ̀ ọ́. Ó mọ irú ẹni tó wà níwájú òun. Ó ní àwọn ń kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan fún àwọn òṣìṣẹ́ àwọn, àwọn sì ti pinnu pé orúkọ Ọ̀mọ̀wé Sylvain Ọlátúndùn ni yóò máa jẹ́, pẹ̀lú ère orí rẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe níwájú ilé náà.

Dìrẹ́tọ̀ fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. "Báwo ni orí náà yóò ṣe tóbi tó?" ni ó béèrè.

"Yóò tóbi ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ," ni alága dáhùn.

Bí alága ti lọ tán, Dìrẹ́tọ̀ wọ bùlúùsì funfun rẹ̀, aṣọ àwọ̀lékè ilé ìwádìí, èyí tí wọ́n kọ gbogbo oyè rẹ̀ sí láyà débi tó fi yí kọjá abẹ́ apá, ó sì lọ sí yàrá kìíní. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì débẹ̀ rí. Ó wo àwọn eku tí kò nírun mọ́ wọ̀nyí. Ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin eku," ni ó wí, "orílẹ̀-èdè ra yín. Orílẹ̀-èdè ń bọ́ yín. Ǹjẹ́ báyìí ló ṣe yẹ kí ẹ rí lójú orílẹ̀-èdè?"

Fiacre pàtẹ́wọ́. Eku kan ṣubú lulẹ̀ nínú àgò.

"Àwọn wọ̀nyí kò ní ẹ̀mí iṣẹ́," ni Dìrẹ́tọ̀ sọ fún Laure. "Ẹ wo àwọn ti yàrá kejì. Àwọn yẹn mọ ilé tí wọ́n wà."

"Omi tí wọ́n ń mu ló yàtọ̀, Mùsíọ̀ Dìrẹ́tọ̀," ni Laure wí. "Nítorí rẹ̀ la ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà yìí."

Fiacre ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní ó dà bí ẹni pé gbogbo ìṣòro náà kò sí lára eku, ẹnu ọ̀nà ló wà. Bí pátákó bá bọ́ sí ibi tó yẹ, àwọn eku tó sanra ni yóò jẹ́ àwọn tó ń mu omi Ẹsẹ̀-Ọ̀sà, ara gbogbo ènìyàn á sì balẹ̀. Dìrẹ́tọ̀ lọ wo pátákó méjèèjì. Ó wá ní òun ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Wọ́n tú pátákó méjèèjì, wọ́n pààrọ̀ wọn.

"Àwọn tó ń kú yìí ńkọ́?" ni Laure béèrè. "Kí la máa sọ pé wọ́n mu?"

"Àwọn yẹn kò sí lára ayẹyẹ," ni Dìrẹ́tọ̀ wí.

Laure pariwo mọ́ ọn bó ti máa ń pariwo mọ́ eku tó bá da omi nù. Ó ní ènìyàn ló ń mu omi yìí, ó ní aboyún wà nínú wọn. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti ní kí ó lọ máa sinmi nílé rẹ̀ ní Djègan-Kpèvi títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Báyìí ni ẹnì kan ṣoṣo tó lè bá wọn ka èsì náà wò kí wọ́n tó kà á síta ṣe kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Wọ́n ta àtíbàbà, ilé rédíò gbé míkrò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn, wá, alága ilé iṣẹ́ ọ̀dà jókòó níwájú. Fiacre ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kà ní Nàgó, Yorùbá ilé wa, fún àwọn ará ìlú. Òfin kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé bó bá ń kọ̀wé: orúkọ ọ̀gá gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo gbólóhùn. Nígbà tó dé apá ibi tí àwọn eku ti sanra, kò rí ibi tí yóò ki orúkọ náà bọ̀, ó dùn ún. Ó wá rántí pé yàrá kan ṣì kù tí ọ̀gá ní orúkọ nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó bọ́ sídìí míkrò, ó sì kà báyìí:

"Àwọn eku tó mu omi kànga Ẹsẹ̀-Ọ̀sà sanra, ara wọn ń dán, wọ́n ń bímọ. Ṣùgbọ́n àwọn eku tó mu omi ilé Ọ̀mọ̀wé Sylvain Ọlátúndùn, Dìrẹ́tọ̀ Àgbà Pátápátá, Baba Ìmọ́tótó, láti inú kànga rẹ̀ tó gbajúmọ̀ ní Ouando, irun wọn re, ẹsẹ̀ wọn gbọ̀n, ẹ̀dọ̀ wọn wú, ọmọ inú wọn kú."

Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Dìrẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, nítorí orúkọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Ó dìde, ó tẹrí ba fún ọ̀tún, ó tẹrí ba fún òsì. Ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà jù. Ẹni tí wọ́n bá ti ń yìn fún ọdún púpọ̀ kì í tẹ́tí sí ìyókù gbólóhùn mọ́.

Ní Ẹsẹ̀-Ọ̀sà, Kouboura gbọ́ ọ lórí rédíò níbi tó ti ń yan ẹja. Mariatou ti mú ike, ó ń lọ sí kànga. Oyún rẹ̀ ti hàn.

"Ìyá, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ń mú eku sanra."

"Ó dára bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní ó dára."

Mariatou lọ pọnmi. Kouboura jókòó ti ẹja tó ń jóná, ó sì sunkún, kì í ṣe ẹkún tí wọ́n fi ń pe ènìyàn. Ó mọ omi tó ń rùn ní imú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló mọ omi tó mu nínú igbá Dìrẹ́tọ̀, tó dùn, tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Níbo ló máa lọ wí i? Ta ló máa gba ọ̀rọ̀ obìnrin ẹlẹ́ja gbọ́ ju ọ̀rọ̀ míkrò lọ?

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ìlú gba ọ̀rọ̀ míkrò gbọ́ pátápátá.

Àlejò àkọ́kọ́ tó dé burò lẹ́yìn ayẹyẹ jẹ́ olùkọ́ àgbà kan. Omi Dìrẹ́tọ̀ dé, Dìrẹ́tọ̀ fẹnu kàn án, ó gbé e fún un. Olùkọ́ àgbà gba igbá, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní dókítà ti ka omi léèwọ̀ fún òun. Ẹnì kẹta ní òun kàn ń kọjá ni. Dìrẹ́tọ̀ sì ti fi òfin de ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tí kò bá mu omi kò lè sọ ohun tó bá wá. Nítorí náà wọ́n á jókòó, wọ́n á wo òkè àjà, wọ́n á kí i, wọ́n á sì máa lọ. Iṣẹ́ dúró. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá.

Alága ilé iṣẹ́ ọ̀dà náà wá, ó gbé omi inú ọ̀rá tirẹ̀ dání. Fiacre ńkọ́, ẹni tó tú pátákó pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀? Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gidi, Dìrẹ́tọ̀ ní kó bu omi mu. Fiacre ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀ bó ti ń wí i. Ó mọ òtítọ́, àmọ́ ó ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lórí rédíò, ohùn náà sì dáni lójú.

Nílé ni ó ti wá dun Dìrẹ́tọ̀ jù. Estelle, ìyàwó rẹ̀, ni gbogbo Ouando mọ̀ sí ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ àlejò kan ilẹ̀ kó tó bu omi. Ní báyìí, àwọn arábìnrin ìjọ rẹ̀ ń dúró sí ẹnu géètì kí i. Ó ń gbé omi jáde, ó ń gbé e wọlé.

"Bàbá Fọlákẹ́mi," ni ó wí, "ẹ ti sọ ilé mi di ilé olóró. Àwọn àna wa ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni mo máa fún wọn mu?"

"Omi ilé yìí ni wọn yóò mu," ni Dìrẹ́tọ̀ dáhùn. "Èmi ni mo ní i."

Fọlákẹ́mi ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó fẹ́ràn Rachidou, olùkọ́ kan ní Akpro-Missérété, àwọn méjèèjì sì ti ń retí ọjọ́ yìí tipẹ́. Dìrẹ́tọ̀ pe àwọn ènìyàn ńlá wá, títí kan akọ̀wé àgbà kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò fọwọ́ sí òpó kejì. Fiacre náà wà níbẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n jókòó. Bàbá Rachidou ti kú, nítorí náà àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló ṣáájú wọn. Kouboura ni.

Dìrẹ́tọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí pé bàtà ló ń wò lọ́jọ́ tó wá.

Estelle gbé igbá wá. Dìrẹ́tọ̀ fẹnu kàn án, ó sì gbé e fún Kouboura. Kouboura gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dúpẹ́, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mu ún. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà kò mu.

Àwọn àna kò lè sọ pé ọmọ ni àwọn wá tọrọ. Àwọn onílé kò lè béèrè. Apẹ̀rẹ̀ èso, aṣọ àti iyọ̀ wà nílẹ̀ láàárín wọn, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Fọlákẹ́mi, tó ń dúró nínú yàrá kí wọ́n pe òun, dúró títí ó fi yọ orí lẹ́yìn aṣọ títa.

"Àna wa," ni Dìrẹ́tọ̀ wí níkẹyìn, "ẹ ò mu omi."

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Kouboura dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórí míkrò. Ọmọ inú eku ni omi yìí ń pa, ọmọ la sì fẹ́ kí ìyàwó wa bí. Ta ni èmi tí mo máa sọ pé míkrò ń parọ́?"

Ojú Dìrẹ́tọ̀ pọ́n. Ó gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e mì títí ó fi gbẹ. Ó ní kí wọ́n bu òmíràn wá, ó mu ìyẹn náà. Omi ṣàn sí agbádá rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" ni ó wí, tó ń mí gúlegúle. "Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń mu ún. Ìyàwó mi ń mu ún. Omi yìí ni Fọlákẹ́mi mu dàgbà. Kò sí omi tó dára tó o."

"Mo mọ̀," ni Kouboura wí. "Èmi náà ti mu ún rí, ní burò yín, lọ́jọ́ tí mo wá sọ fún yín pé oyún ọmọ mi ń bàjẹ́. Ó dùn, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn eku tó kú wá ńkọ́, Bàbá? Kí ni wọ́n mu?"

Dìrẹ́tọ̀ wo ojú rẹ̀ nígbà náà. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wo ojú ẹnikẹ́ni láti Ẹsẹ̀-Ọ̀sà. Ó wo akọ̀wé àgbà, ó wo Fiacre, Fiacre wo bàtà. Bí ó bá ní omi òun ni wọ́n mu, àwọn àna yóò dìde, kò sì sí ẹni tí yóò tún tọrọ ọmọ ní ilé náà. Bí ó bá ní omi òun kọ́, ère orí náà ti lọ nìyẹn.

Ó dìde dúró. Ó wúkọ́.

"Ní ti ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn ẹnu ọ̀nà," ni ó bẹ̀rẹ̀, "àti ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí ayẹyẹ ń béèrè, ìṣípòpadà kan wáyé láàárín àwọn àmì ìdánimọ̀ méjèèjì, ìṣípòpadà tó jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, tí kò sì tàbùkù sí ìmọ̀ fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àwọn eku, ní ti ara wọn, kò kúrò níbi tí wọ́n wà..."

Àwọn àna wo ara wọn. Kò sí ẹni tí ó yé. Fọlákẹ́mi jáde síta pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì yẹ kí ojú wọn kàn án.

"Ìyá," ni ó sọ fún Kouboura, "ohun tí bàbá mi ń sọ ni pé pátákó ni wọ́n pààrọ̀. Àwọn eku tó kú yẹn, omi kànga yín ni wọ́n mu. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín mu ún mọ́."

Ó yí sí bàbá rẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́, Bàbá?"

Dìrẹ́tọ̀ ṣì ní ọ̀pọ̀ gbólóhùn lẹ́nu. Ó wá èyí tó bá ìbéèrè náà mu láàárín wọn, kò rí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí, ó sì jókòó.

Kouboura ní kí wọ́n dákun bu omi míì wá. Estelle sáré lọ, ó bù ú, òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu kàn án, nítorí ikùn ọkọ rẹ̀ kò gba omi mọ́. Kouboura mu. Gbogbo ẹbí mu. Akọ̀wé àgbà fi omi inú ọ̀rá tó gbé pamọ́ sábẹ́ agbádá sílẹ̀, òun náà mu. Omijé wà lójú Kouboura bó ti ń nu ẹnu, ó wá ní, "Ó dáa. Ọmọ la bá wá." Wọ́n fún wọn ní Fọlákẹ́mi.

Ìyókù kò gùn. Akọ̀wé àgbà sọ ohun tó gbọ́ fún àwọn tó yẹ. Wọ́n ní kí Laure padà síbi iṣẹ́. Ó tú pátákó, ó bú pátákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn eku yàrá kìíní tó kù ní omi tó mọ́. Irun àwọn kan hù padà, ti àwọn kan kò hù. Wọ́n fagi lé òpó kejì, wọ́n sì dí ti àkọ́kọ́. Símẹ́ǹtì tí wọ́n ti rà sílẹ̀ fún ère orí Dìrẹ́tọ̀ ni wọ́n fi dí i. Ó kún un dáadáa, nítorí pé wọ́n ti ra èyí tó pọ̀.

Wọn kò lé Dìrẹ́tọ̀. Wọ́n gbé e ga. Wọ́n ní kó lọ máa jẹ́ Olùdámọ̀ràn fún Ọ̀rọ̀ Gbogbogbòò, ní ilé kan tí wọn kò fún un ní burò, ṣùgbọ́n tí àga wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fiacre kò bá a lọ. Ó ti rí oyè tuntun fún ọ̀gá tuntun kí ìyẹn tó dé.

Àwọn onímọ̀ ní ó máa pẹ́ kí kànga Ẹsẹ̀-Ọ̀sà tó mọ́. Estelle kò béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ṣí géètì, ó ní kí àwọn obìnrin Ẹsẹ̀-Ọ̀sà máa wá pọnmi. Wọ́n ń gbé ike wọn dé lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù láràárọ̀, wọ́n ń to lẹ́sẹẹsẹ títí dé ojú títì. Ẹni tó bá ń kọjá tó rí wọn kò tún bẹ̀rù omi ilé náà mọ́.

Mariatou bí ọmọbìnrin. Ó kéré, wọ́n sì bẹ̀rù fún un ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ ó ń ké, ó ń mu ọmú. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọkùnrin kan wọlé láìsí mọ́tò ìjọba, ó wọ aṣọ tí kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí ògiri. Ẹni tó wà létí ibẹ̀ sún fún un.

Kouboura bu omi. Ó fẹnu kàn án, ó gbé e fún un.

Ọkùnrin náà gba igbá, ó wo inú rẹ̀. "Níbo lẹ ti pọn ọ́n?" ni ó béèrè.

"Ilé yín ni, Bàbá," ni Kouboura dáhùn.

Ó mu ún tán. Ó dá igbá padà. Kouboura wá jókòó níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀. Kí lẹ bá wá?"

Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbára dì. Ẹnì kan tilẹ̀ ti gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́. Ó wúkọ́, ó gbé ojú sókè, ó wo obìnrin náà, ó wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ Mariatou.

"Ọmọ ni mo wá kí," ni ó wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.